Ara Ajá Mi Ń Yún Un Láìdẹ́kun: Oògùn Wo Ni Kí N Lò?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ajá mi ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Láti nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ara ti ń yún un. Ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú títí irun ibẹ̀ fi pupa bí irin tó dípẹtà, etí rẹ̀ ń rùn, abíyá rẹ̀ sì ti dúdú, ó ti nípọn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan, ara rẹ̀ balẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, mo sì ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò rí yọ̀rọ̀ tàbí eégbọn kankan lára rẹ̀. Oògùn wo ni mo lè lò tí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi tán pátápátá?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, nítorí nínú àìsàn awọ ara, ìtàn bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wúlò ju egbò tí a ń fojú rí lọ. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín ní tààrà: kò sí oògùn kan ṣoṣo tí mo lè dárúkọ pé kí ẹ lọ rà, nítorí ara yíyún kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, àmì ni. Ajá tí yọ̀rọ̀ ń jẹ, èyí tí èkúrú mú, èyí tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá a lára mu àti èyí tí eruku inú ilé ń dà láàmú, gbogbo wọn ni yóò máa họra, tí wọn yóò máa lá ẹsẹ̀, tí irun wọn yóò sì máa já. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n nínú ọ̀ràn ajá kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan péré, bí kò ṣe pé kí a máa yọ àwọn ohun tó lè fà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ẹsẹẹsẹ, láìfo èyíkéyìí.

Abẹ́rẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà, bí mo ṣe fọkàn rò ó, yóò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń pa ara yíyún lẹ́nu mọ́, ohun yòówù kó fà á, bí a bá yọ ti àwọn kan tó le koko kúrò. Nítorí náà, pé ara ajá yín balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa ohun tó ń ṣe é. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí agbára oògùn náà tán, ohun tó ń bí ìyún náà ṣì wà níbi tó wà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ń tan àwọn tó ní ajá jẹ jù. Kì í sábà jẹ́ ohun kan ṣoṣo ló ń yún ajá lára. Ẹ fi ajá wé aláàárù: ó lè ru àpò kan kó má kérora, kó tún ru èkejì, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀kẹta lé e, ó di pé kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ajá tí eruku ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lè máà họra rárá, títí yọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò fi bù ú jẹ, tí kòkòrò àìfojúrí yóò sì wá rí àyè wọ awọ tó ti bó. Èrè tó wà nínú èyí ni pé a kò ní láti wo gbogbo rẹ̀ sàn kí ara tó tu ajá náà. Bí a bá sọ ẹrù méjì kalẹ̀ nínú mẹ́ta, ó lè gbé èyí tó kù láìlo oògùn líle.

Yọ̀rọ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ kò rí ìkankan, mo sì gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti dá yọ̀rọ̀ láre. Ohun tó ń yún ajá tí yọ̀rọ̀ ń ṣe kì í ṣe ìrìn kòkòrò náà lára rẹ̀, itọ́ tó ń tú sínú awọ nígbà tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ara ajá bá ti kọ itọ́ náà, ìgbà díẹ̀ tó bá bù ú jẹ ti tó láti mú un họra fún ọjọ́ púpọ̀, ajá tó sì ń họra tó báyìí máa ń fi eyín ṣa àwọn kòkòrò náà jẹ kúrò lára, tí a kò fi ní rí ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, àwọn yọ̀rọ̀ tó ti dàgbà, tí wọ́n wà lára ajá, kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú 100. Ẹyin, ìdin àti àwọn tó ti wé ara wọn sínú òwú ni ìyókù, inú kápẹ́ẹ̀tì, ojú àlàfo ilẹ̀ àti ibùsùn ajá ni wọ́n sì wà. Abo yọ̀rọ̀ kan lè yé ẹyin 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Àwọn tó wà nínú òwú lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjáde, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tàbí tí wọ́n bá mọ ìgbóná ara ẹran lára, ni wọ́n yóò bá fò jáde. Ìdí nìyí tí ẹni tó fún ajá rẹ̀ ní oògùn yọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fi máa ń sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wádìí, ẹ fi ìyarun tó léyín jọ pẹ́kípẹ́kí ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìdí ìrù rẹ̀, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí bébà funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí àwọn hóró dúdú tíntìntín inú rẹ̀ bá yọ́, tí wọ́n sì ya àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mu ni pupa yẹn. Lóòótọ́, ibi tí yọ̀rọ̀ sábà máa ń yọ ajá lẹ́nu jù ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí ìrù àti inú itan ẹ̀yìn, tiyín sì jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, abíyá àti etí, nítorí náà n kò rò pé yọ̀rọ̀ nìkan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, kò sí ìdí fún wa láti fo ìpele tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Gbogbo ajá àti ológbò tó wà nínú ilé ni kí ẹ fún ní oògùn, títí kan èyí tí kò họra, ní àkókò kan náà, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, láìpa ìgbà kankan jẹ. Ẹ máa fọ aṣọ ibùsùn wọn nínú omi tó gbóná tó 60°C, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku gbá abẹ́ àga àti igun yàrá.

Oògùn tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí wà nínú ẹbí tí a ń pè ní isoxazoline. Afoxolaner, fluralaner, sarolaner àti lotilaner ni orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ hóró tí ajá ń jẹ, wọ́n ń pa yọ̀rọ̀ àti eégbọn, àǹfààní ńlá kan sì wà lára wọn tí n óò sọ láìpẹ́. Bí ajá yín bá ti ní gìrì tàbí wárápá rí, ẹ sọ fún dókítà ẹranko kí ẹ tó lò ó, nítorí ní ọdún 2018, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn oògùn wọ̀nyí lè mú kí iṣan máa gbọ̀n tàbí kí gìrì mú àwọn ajá kan. Bí ológbò bá sì wà nínú ilé yín, ẹ má ṣe fi oògùn ajá tó ní permethrin kàn án, oró ni fún ológbò, ó sì ń pa á.

Ohun kejì ni èkúrú, èyí tí kòkòrò Sarcoptes tí ojú lásán kò lè rí ń fà nígbà tó bá ń gbẹ́ ihò kiri nínú awọ. Nínú gbogbo ohun tó ń yún ajá, agbára káká ni a fi ń rí èyí tó le tó o: ajá kì í sùn, kì í jẹun dáadáa, etí etí rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀ a máa pá, a sì máa pa èèpá. Bí ẹ bá fi ìka méjì pa etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, ẹ fura. Bí ara àwọn ènìyàn inú ilé bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún, pàápàá níbi tí ajá máa ń fara kàn wọ́n, ìfura náà di ìlọ́po méjì. Dókítà yóò fi abẹ fá awọ ara ajá náà, yóò sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí máa ń sá pamọ́ gan-an; àìrí i kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ibí ni àǹfààní tí mo ṣèlérí láti sọ wà: oògùn isoxazoline tí ẹ ń lò fún yọ̀rọ̀ ń pa kòkòrò èkúrú yìí náà. Bí ẹ bá ti lò ó bó ti tọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, tí ìyún náà kò dín, a lè fi ọkàn balẹ̀ pa yọ̀rọ̀ àti èkúrú rẹ́ kúrò nínú ìwé wa.

Irú èkúrú kejì tí kòkòrò Demodex ń fà àti làpálàpá kì í sábà yún ajá púpọ̀, ibi tí irun ti já roboto ni a fi ń dá wọn mọ̀. Demodex kì í ràn, làpálàpá a máa ran ènìyàn. N kò rò pé ìkankan nínú wọn ló ń ṣe ajá yín, ṣùgbọ́n fífá awọ ara rẹ̀ yóò fi ọkàn wa balẹ̀ nípa ti Demodex.

Etí tó ń rùn àti abíyá tó dúdú tó sì nípọn bí awọ bàtà ni ó dá mi lójú jù lọ nínú lẹ́tà yín. Ìwọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń sọ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Méjì ló wọ́pọ̀: bakitéríà Staphylococcus pseudintermedius, tó máa ń fa róró ọlọ́yún àti èèpá roboto, àti Malassezia, tó jẹ́ ìbátan ìwúkàrà, tó máa ń fa òórùn kíkan, ọ̀rá lára awọ àti àwọ̀ dúdú lábẹ́ abíyá, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti nínú etí. Àwọn méjèèjì ló ń gbé lára ajá tó lálàáfíà láìṣe é ní ibi. Ìgbà tí awọ bá ti bó tàbí tó bá ń lọ́rinrin nítorí lílá ni wọ́n ń pọ̀ kọjá ààlà. Bí wọ́n bá sì ti pọ̀, àwọn náà á tún máa fa ìyún tiwọn. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò pẹ́: dókítà yóò lẹ téèpù mọ́ awọ náà, yóò fi òwú gba ìdọ̀tí etí, yóò kùn ún, yóò sì wò ó. Bí dókítà tí ẹ lọ bá kò bá ṣe èyí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè fún un, nítorí oògùn bakitéríà kò ran ìwúkàrà, oògùn ìwúkàrà kò sì ran bakitéríà.

Ìwẹ̀ ni ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù fún èyí, kì í sì í ṣe irú ìwẹ̀ tí ẹ ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín máa wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí a ṣe fún awọ ènìyàn tàbí fún aṣọ ń bó ọ̀rá tó yẹ kó dáàbò bo awọ ajá, awọ tó sì gbẹ tún máa ń yún sí i. Ẹ dá a dúró. Ẹ wá ọṣẹ olómi ti ajá tó ní chlorhexidine, láti ìwọ̀n 2 sí 4 nínú 100; àwọn kan ní miconazole pẹ̀lú, ìyẹn sì dára bí ìwúkàrà bá pọ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ín dé awọ, ẹ fi ọṣẹ náà ra á dé abíyá, ikùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ wo aago, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 máa ń gùn lọ́wọ́ ẹni tí ajá tútù ń gbọn omi sí lára, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ fún mi pé ọṣẹ náà kò ṣiṣẹ́ kì í dúró kọjá méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ nu ún gbẹ dáadáa, pàápàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ti etí, ẹ má ti ohunkóhun bọ inú rẹ̀ kí dókítà tó fi iná wò ó. Bí awọ ìlù etí bá ti ya, oògùn tó dára fún etí mìíràn lè sọ ajá di adití. Ní ti oògùn bakitéríà tí a ń gbé mì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a nílò rẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá mọ sójú awọ, ìwẹ̀ nìkan sábà máa ń tó. Bí ajá bá ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsàn, àyẹ̀wò tí yóò fi irú bakitéríà tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á hàn ló kàn, kì í ṣe oògùn mìíràn tí a kàn fọwọ́ bà lórí pẹpẹ.

Nígbà tí a bá ti lé àwọn kòkòrò lọ, tí a sì ti fọ àìsàn ojú awọ dànù, a ó wá bi ara wa pé báwo ni ìyún tó kù ṣe pọ̀ tó. Nínú àwọn ajá kan, kò ní kù. Nínú irú ajá yín, tí ó ti ń bá a bọ̀ fún oṣù márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ó kù, oúnjẹ ló sì kàn.

Ẹ sọ pé ẹ ti yí oúnjẹ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n yíyí oúnjẹ padà yàtọ̀ sí ìdánwò oúnjẹ. Ohun tí ara ajá sábà máa ń kọ̀ nínú oúnjẹ ni purotéènì tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, bí i ẹran màlúù, wàrà, ẹran adìyẹ tàbí àlìkámà. Oúnjẹ mẹ́ta tó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú àpò lè ní adìyẹ nínú lẹ́yìn àpò. Nínú ìdánwò tòótọ́, ajá yóò jẹ purotéènì kan ṣoṣo tí kò jẹ rí láyé rẹ̀, tàbí oúnjẹ tí a ṣe ní àkànṣe, tí a ti gé purotéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Mo fara mọ́ ẹ̀kejì yìí jù, nítorí pé kò pọn dandan kí a rántí gbogbo ohun tí ajá ti jẹ rí. Ọ̀sẹ̀ 8 ni yóò fi jẹ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀: nínú àwọn ajá tí oúnjẹ ń yọ lẹ́nu, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń fi ìyàtọ̀ hàn tó bá fi di ọ̀sẹ̀ 5, wọ́n sì lé ní 90 tó bá fi di ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tó dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì dán ohunkóhun wò.

Nígbà ìdánwò yìí, omi àti oúnjẹ yẹn nìkan ni kó wọ ẹnu rẹ̀. Egungun, bisikíìtì, ìyókù inú abọ́ ológbò, ọṣẹ ìfọyín tó ní adùn adìyẹ àti oògùn tí wọ́n fi adùn ẹran pò, gbogbo rẹ̀ ni ó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ bi dókítà bóyá hóró oògùn yọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò ní irú adùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè fi èyí tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn rọ́pò rẹ̀ fún sáà náà. Mo ti rí ìdánwò tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bàjẹ́ nítorí ọmọ kékeré kan tí kò fẹ́ràn etí búrẹ́dì, tó sì ti rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ilé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ìyún náà bá dín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ ṣe ló kù: kí ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà fún un. Bí oúnjẹ bá ni ẹlẹ́bi, ìyún yóò padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá padà, nǹkan mìíràn ló mú un dín, ẹ kò sì ní láti máa náwó lórí oúnjẹ àkànṣe títí láé. Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, irun tàbí itọ́ tí wọ́n ń polówó pé ó lè sọ oúnjẹ tí ara ajá kọ̀, n kò lò ó, nítorí èsì rẹ̀ kì í ṣeé gbára lé. Ajá tí nǹkan kan kò ṣe náà ń gba èsì tó kún fún orúkọ oúnjẹ tí wọ́n ní ara rẹ̀ kọ̀.

Bí a bá ti la gbogbo èyí kọjá tí ara ṣì ń yún un, ohun tí mo rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò kù: alẹ́jì, ìyẹn kí ara máa kọ ohun tó wà láyìíká rẹ̀, pàápàá kòkòrò tíntìntín inú eruku ilé, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti ti koríko. Ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, nítorí àárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń yún un náà bá a mu, ìyẹn ẹsẹ̀, abíyá, etí àti ojú. Àìsàn yìí la kì í wò sàn pátápátá, ìtọ́jú rẹ̀ ni a ń ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "pátápátá" wà nínú ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò pa bí mo bá ṣèlérí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá tó ní in ń gbé ayé ìrọ̀rùn títí di ọjọ́ ogbó.

Oògùn mẹ́rin ló wọ́pọ̀ tí a ń yàn láàárín wọn. Prednisolone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, ń tètè ṣiṣẹ́, kò sì wọ́n, ó dára fún ọjọ́ díẹ̀ tí nǹkan bá gbóná. Ṣùgbọ́n òùngbẹ, ìtọ̀ àtìgbàdégbà, ebi àti mímí hẹlẹhẹlẹ máa ń tẹ̀ lé e, bí ó bá sì pẹ́, ó ń mú awọ fẹ́lẹ́, ó sì lè fa àtọ̀gbẹ. A kì í já a dúró lójijì lẹ́yìn tí a bá ti lò ó pẹ́, a kì í sì í lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìrora bí i meloxicam tàbí carprofen, nítorí egbò inú ikùn. Oclacitinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, ń dín ìyún kù láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ kò wà fún ajá tí kò tíì pé oṣù 12 tàbí èyí tí àìsàn líle kan wà lára rẹ̀. Lokivetmab jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú IL-31, ìyẹn ohun tí ara fi ń ránṣẹ́ ìyún sí iṣan ọpọlọ, kí ó má lè jíṣẹ́. Ọ̀kan lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, kì í sì í ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù. Ciclosporin dára, ṣùgbọ́n ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń mú àwọn ajá kan bì ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn alẹ́jì tí ènìyàn ń lò fún imú tó ń ṣomi kò lágbára tó fún ọ̀pọ̀ ajá. Òróró ẹja tó ní omega-3 ń ran awọ lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ fún un ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń kọ́ ara ajá láti fara da ohun tó kọ̀ ni abẹ́rẹ́ tàbí omi ìkán-sí-ẹnu tí a ṣe láti inú ohun náà gan-an, tí a ń fún un díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni àyẹ̀wò alẹ́jì ti wúlò, láti mọ ohun tí a ó fi sínú rẹ̀, kì í ṣe láti mọ̀ bóyá ajá ní alẹ́jì. Ó lè tó ọdún kan kí èso rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì nínú àwọn ajá tí a ń fún tó ń jàǹfààní rẹ̀. Fún ajá ọdún méjì, tí ọdún púpọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, n óò ronú nípa rẹ̀ gidigidi.

Ẹ jọ̀wọ́, bí a ti ń ṣe gbogbo èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní ìmọ̀ràn pé kí ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì tàbí omi apakòkòrò ilé pa á lára. Awọ ń gbà wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀, ajá sì ń lá wọn. Ìpara àwọn ènìyàn tí sítẹ́rọ́ọ̀dù líle wà nínú rẹ̀ náà kò yẹ, ẹnu ni yóò gbà dé inú rẹ̀. Ivermectin tí a ṣe fún màlúù léwu, pàápàá fún Collie àti àwọn ìran ajá darandaran tó jọ ọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ní àléébù nínú àbùdá MDR1 tó ń jẹ́ kí oògùn náà wọ inú ọpọlọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ lè fọ́jú, kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kó sì kú. Bí ojú tàbí ẹnu ajá yín bá wú lójijì, tí kò jẹun mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ojú egbò kan tó lọ́rinrin ń gbòòrò láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ má dúró de ìpele kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn yọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹran inú ilé, ẹ dá ọṣẹ ojoojúmọ́ dúró, kí ẹ sì gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà ẹranko fún àyẹ̀wò téèpù, ti etí àti fífá awọ. Ní alaalẹ́, ẹ kọ iye kan sínú ìwé láti 0 sí 10: 0 ni ọjọ́ tí kò họra rárá, 10 ni ọjọ́ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ìgbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé yẹn dání, pẹ̀lú àpò oúnjẹ rẹ̀, orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un àti ọjọ́ tí wọ́n gún un, nítorí ìdánwò oúnjẹ tí a bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ náà ṣì wà lára rẹ̀ kò ní lè sọ òótọ́ fún wa.